Ìjì Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Láti fèrèsé yàrá ìdáná Bàbá, a máa ń rí àwọn òkè yìnyín ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á jìnnà bí ohun tí ènìyàn rí lójú oorun. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, kúrùkúrù á bò wọ́n fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, débi pé mo máa ń gbàgbé pé òkè kankan wà níbẹ̀. Ní Turin nílẹ̀ Italy ni, lórí àjà karùn-ún ilé àtijọ́ kan. Badante ni mí, ẹni tó ń tọ́jú àgbàlagbà nínú ilé wọn. Àárọ̀ ni mò ń dé, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń lọ, ó sì ti di ọdún kẹrin tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Bàbá yìí kì í ṣe bàbá mi. Tíṣà ni wọ́n nígbà tí ara ṣì le. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ Turin nípa ilẹ̀, òkun àti ojú ọjọ́. Ìyàwó wọn ti kú, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì ń gbé ní Padua pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Gbogbo ará ilé ló ń pè wọ́n ní Professore. Èmi ní tèmi, mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kìíní pé Bàbá ni màá máa pè wọ́n, nítorí wọ́n ju bàbá tó bí mi lọ́jọ́ orí. Wọ́n bi mí léèrè ìtumọ̀ rẹ̀, mo sọ ọ́. Wọ́n ní ó dára.

Barometro kan wà lára ògiri pálọ̀ wọn, ohun èlò onígíláàsì roboto tó ní ọwọ́ bíi ti aago, tó ń fi bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo sí hàn. Láràárọ̀, kí wọ́n tó mu kọfí, Bàbá á fi ìka kan lù ú pẹ́pẹ́, wọ́n á wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yà sí, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ kún pẹpẹ mẹ́ta nínú pálọ̀ náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo rò pé eré arúgbó ni.

Àsìkò tí ewé ń wọ́ ni ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀. Ìjì ńlá kan wà lórí òkun Àtìláńtíìkì tí tẹlifíṣọ̀n kò yé sọ̀rọ̀ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní uragano. Ó ti ba àwọn erékùṣù kan jẹ́ lọ́hùn-ún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin tó ń sọ ìròyìn ojú ọjọ́ ní ìjì náà ti rìn lọ sí àríwá, ibi tí omi ti tutù, ó sì ti di ex uragano, pé kì í ṣe uragano mọ́. Mò ń gé kárọ́ọ̀tì lọ́wọ́.

Mo ní, "Alihamudulilahi, ó ti kú."

Bàbá gbójú sókè. "Ta ló kú?"

"Ìjì yẹn ni, Bàbá. Wọ́n ní kì í ṣe uragano mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Èmi náà kì í ṣe tíṣà mọ́. Ṣé mo ti kú ni?"

Wọ́n ní kí n nu ọwọ́ mi, kí n gbé ìwé àwòrán ayé wá. Ìwé náà wúwo bí ọmọ ọlọ́dún kan. Wọ́n ṣí i sórí tábìlì ìdáná, wọ́n ní kí n fi ibi tí ilé mi wà han àwọn. Mo fi ìka kan apá òkè ìlú Ìbàdàn, lọ́nà Òkè-Ògùn. Wọ́n wá gbé ìka tiwọn lé ẹ̀gbẹ́ tèmi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ lọ sí ìwọ̀-oòrùn díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kúrò lórí ilẹ̀ tó bọ́ sórí omi.

"Púpọ̀ nínú àwọn ìjì òkun yìí," wọ́n ní, "apá ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún ni ìrìn wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Òjò oníjì á kọjá lórí ilẹ̀, á bọ́ sórí òkun. Èyí tó pọ̀ jù á parẹ́ síbẹ̀. Èyí tó bá bá omi gbígbóná pàdé á máa jẹ ẹ́, á sanra, á di uragano. Tó bá wá yí orí sí àríwá, omi tútù ló máa bá. Oúnjẹ tán nìyẹn."

"Ó yẹ kó kú nígbà yẹn," mo wí.

"Ó yẹ. Ṣùgbọ́n lókè níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù àti afẹ́fẹ́ gbígbóná ń bá ara wọn jà. Bó bá bọ́ sí àárín ìjà yẹn, ìjà náà ló máa di oúnjẹ rẹ̀. Kò ní rí roboto bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, kò sì ní ní ihò ìdákẹ́jẹ́ tí wọ́n ń pè ní ojú láàárín mọ́, ṣùgbọ́n á fẹ̀. Èyí tó jẹ́ pé erékùṣù kan ló ń bà jẹ́ lánàá lè na ọwọ́ kan orílẹ̀-èdè mẹ́ta lọ́la."

Mo ronú sí i. Mo ní a máa ń sọ nílé pé iná kú, ó fi eérú bojú; ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ó gbà mí lákòókò kí n tó lè yí i sí èdè wọn. Nígbà tó yé Bàbá, wọ́n ní kí n tún un sọ, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ojú ọjọ́ wọn, lábẹ́ nọ́ńbà ọjọ́ yẹn.

Èmi náà mọ ìjì. Mo sọ fún Bàbá lọ́sàn-án náà nípa ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹta, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ fẹ́ rọ̀. Ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyá wa kó àwa ọmọ sábẹ́ ibùsùn onírin, wọ́n sì fi ara wọn dí ẹnu rẹ̀. A kọ́kọ́ gbọ́ tí ìṣó ń fà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wíwíwí, bí ìgbà tí eku ń ké. Lẹ́yìn náà páànù àkọ́kọ́ lọ, èkejì tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo yọjú lábẹ́ ìyá mi, òrùlé kò sí mọ́. Ìkùukùu ń kọjá lórí ibùsùn wa, ó sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé bí mo bá nawọ́, yóò bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù kò bà mí. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀run lè wọ inú yàrá.

"Ṣé ó lè jẹ́ pé ìjì ọjọ́ yẹn náà dé òkun?" mo bi Bàbá.

"Kò sẹ́ni tó lè mọ̀," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ibi tó kọjú sí nìyẹn."

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn, òjò tútù tí kò dáwọ́ dúró. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo ṣí ilẹ̀kùn ilé wa láti mú ọmọbìnrin mi lọ sí ilé ìwé, mo sì dúró lójú ẹsẹ̀. Ooru ló wà níta. Kì í ṣe ooru oòrùn, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló móoru, ó gbẹ, ó ń fẹ́ láti apá òkè wá bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn ààrò búrẹ́dì. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Àwọn òkè yìnyín ti sún mọ́ ìlú lóru. Mo lè ka ihò àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ara wọn. Ó dà bí ọyẹ́ tí kò ní eruku. Ètè mi ti gbẹ kí a tó dé ibi tí tram, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ti ń dúró.

Ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, bọ́ kóòtù rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ sí i ní Yorùbá pé kó wọ̀ ọ́ padà, ó dá mi lóhùn ní èdè Italy bó ṣe máa ń ṣe pé, "Ma fa caldo, mamma," pé ooru ń mú. Òótọ́ ló sọ. Àwọn ewé kò bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, òkè ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ń yí po lójú pópó, wọ́n ń ga sókè títí wọ́n fi kọjá òrùlé. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín sí ara wọn nínú tram, tí wọn kò mọ ara wọn rí. Ara gbogbo wa fúyẹ́. Mo fi ọmọ mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, mo rìn lọ sí ilé Bàbá bí ẹni tó ń rìn lójú àlá.

Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dúró ti barometro wọn pẹ̀lú aṣọ ìsùn lára.

"Ó ti dé," wọ́n ní.

"Kí ló dé, Bàbá? Oòrùn ń ràn."

"Òun náà ni, ìjì tó o ní ó ti kú. Àárín rẹ̀ ṣì wà lọ́nà jíjìn, lẹ́yìn ilẹ̀ Faransé. Ọwọ́ rẹ̀ ló nà kọjá òkè wá. Afẹ́fẹ́ tó bá ń já bọ́ láti orí òkè máa ń gbóná, bí pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń gbóná nígbà tí o bá ń fún kẹ̀kẹ́ ní afẹ́fẹ́. Má jẹ́ kí ooru yìí tàn ọ́. Irú èyí ló ń ṣí òrùlé."

Kí ó tó di aago mẹ́wàá, a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wa dáadáa mọ́. Afẹ́fẹ́ náà ń ké bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fọn sínú ìgò. Àwo amọ̀ tí wọ́n fi bo òrùlé ilé tó dojú kọ tiwa ń bọ́, ó ń fọ́ sí ìsàlẹ̀. Oòrùn sì ń ràn lórí gbogbo rẹ̀. Nígbà náà ni fóònù mi dún. Láti ilé ìwé ni. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ti gbé apá kan òrùlé gbọ̀ngàn eré ìdárayá, wọ́n ti kó àwọn ọmọ sí yàrá ìsàlẹ̀, kí òbí kọ̀ọ̀kan wá mú ọmọ rẹ̀.

Mo pe ọkọ mi. Magazzino kan ní Settimo ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀. Ó ní igi ti wó dí ọ̀nà, treno, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin, kò rìn, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde. "Jọ̀ọ́, lọ mú un," ó ní. "Jọ̀ọ́."

Mo dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Oṣù méjì ṣáájú ni Bàbá ṣubú nínú balùwẹ̀, mo sì ti fi ẹnu ara mi ṣèlérí fún ọmọ wọn pé n kò ní fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan mọ́, bó ti wù kí àkókò náà kúrú tó. Mo pe ọmọ wọn náà ní Padua. Kò gbé e. Mo tún pè é. Kò gbé e.

Bàbá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Lọ mú ọmọ rẹ wá," wọ́n ní.

"Bàbá, mo ṣèlérí."

"Ọmọ mi lo ṣèlérí fún. Èmi tí mo bí i ni mo ní kó o lọ."

Mo gbé àga wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tí kò sí fèrèsé. Mo bo ẹsẹ̀ wọn, mo gbé omi àti fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo fa gbogbo tapparella sílẹ̀, ìyẹn ìbòjú kíká tó ń bo fèrèsé láti òde. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. "Ẹ má dìde o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

"N kò ní dìde."

Ọ̀nà tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ gbà mí tó wákàtí kan. Mò ń di irin ọgbà mú láti ilé dé ilé. Igi ńlá kan ti dùbúlẹ̀ lórí irin tram, gbòǹgbò rẹ̀ dúró lóòró bí ilẹ̀kùn. Àga oníke kan yí kọjá níwájú mi láìyára, bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Lókè, mo rí aṣọ ibùsùn funfun kan tí afẹ́fẹ́ ti já kúrò lórí okùn. Ó tẹ́ rẹrẹ sójú ọ̀run, ó ń lọ, kò yára, kò sì wálẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa sáré, ṣùgbọ́n mo dúró, mo wò ó títí ó fi kọjá. N kò tíì lè sọ ìdí rẹ̀ títí dòní.

Ọmọ mi dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. "Mamma, vola tutto," ó ní, pé ohun gbogbo ń fò. Mo fi ìborùn mi so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tèmi, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Nígbà tí a dé, iná ti lọ, ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè kò ṣiṣẹ́. A fi ẹsẹ̀ gun àjà márùn-ún.

Àga tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ṣófo.

Afẹ́fẹ́ ti ya tapparella pálọ̀ kúrò, ó sì ti já ilẹ̀kùn gíláàsì tó lọ sí bálíkónì ṣí. Bàbá gbọ́ ariwo rẹ̀, wọ́n dìde. Wọ́n ṣubú lọ́nà, wọ́n sì wọ́ ara wọn débẹ̀. Ibẹ̀ ni mo bá wọn, tí wọ́n jókòó sílẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà pa, tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ẹsẹ̀ àga ńlá. Ọwọ́ òsì wọn wà lórí itan wọn, ó wó bí ẹ̀ka tó ṣẹ́. Ìwé ojú ọjọ́ gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ti kúrò lórí pẹpẹ, àwọn ojú ewé sì fọ́n ká gbogbo pálọ̀.

"Ó fẹ́ wọlé," Bàbá wí. Ojú wọn ń dán bí ojú ọmọdé. "Mo ní kò gbọ́dọ̀ wọlé."

Èmi àti ọmọ mi ti àga ńlá náà mọ́ ilẹ̀kùn. Mo gbé orí Bàbá lé àyà mi. Ọmọ mi jókòó ti ẹsẹ̀ wọn, ó ń sọ̀rọ̀ fún wọn ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nípa yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìwé àti orin tí wọ́n kọ níbẹ̀. Ó pẹ́ kí àḿbúláǹsì tó rí ọ̀nà gbà dé.

Ọmọ Bàbá dé ilé ìwòsàn ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti sọ fún un pé ọrùn-ọwọ́ bàbá rẹ̀ ti ṣẹ́. Ó bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, eruku òde ṣì wà nínú ìborùn mi.

"Signora, ṣé òótọ́ ni pé ẹ fi bàbá mi sílẹ̀ láwọn nìkan?"

"Òótọ́ ni."

"Lọ́jọ́ òní? Lọ́jọ́ òní tí gbogbo ayé ń fò?"

N kò dárúkọ ilé ìwé fún un. Òótọ́ ni, mo fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu láti wá mọ́. Kò pariwo. Ìbá sàn fún mi ká ní ó pariwo.

Mo lọ sílé. Ọkọ mi ti dé láti Settimo, ara rẹ̀ le. A jẹun, a kírun, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn mi pín sí méjì. Bí mo bá ní ó yẹ kí n dúró, mo ti fi ọmọ mi sílẹ̀. Bí mo bá ní ó yẹ kí n lọ, mo ti fi Bàbá sílẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àtẹ̀gùn ilé onílé ni mò ń fọ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n ti gbé Bàbá lọ sí Padua. Òpópónà wọn kò jìnnà sí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mo máa ń gba ibòmíràn kọjá.

Kúrùkúrù ti bo ìlú pátápátá lọ́jọ́ tí fóònù mi dún tí mo gbọ́ ohùn Bàbá.

"Ṣé o ti gbàgbé bàbá rẹ ni?"

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn tí mò ń fọ̀, omi ń rin mí láṣọ.

"Mo ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mi," wọ́n ní, "ó pẹ́ kó tó fẹ́ gbọ́ ni. Ẹ wá lọ́jọ́ Àìkú, ìwọ àti ọmọ rẹ. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló ní kí n pè ọ́."

A wọ treno lọ sí Padua. Ọmọ wọn wá pàdé wa ní ibùdókọ̀, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi. Bàbá ti rù. Wọ́n fi ọwọ́ tó ti san náà di ọwọ́ ọmọ mi mú, wọ́n ní kó tún kọ orin yàrá ìsàlẹ̀ náà fún àwọn. Lẹ́yìn oúnjẹ, oorun gbé wọn lọ láàárín ọ̀rọ̀. Ọmọ wọn ní kí a jáde rìn díẹ̀. A rìn lẹ́bàá omi kan tó gba àárín àwọn ilé kọjá, ọmọ mi wà níwájú.

Ọmọ Bàbá yíjú sí mi. "Mo rí ìpè yín lọ́jọ́ náà," ó wí. "Ìpè méjèèjì. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Oòrùn ń ràn níbí, mo ní màá pè yín padà tó bá yá."

Mo dúró. Inú bí mi, inú tó gbóná, fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà mo wo ojú rẹ̀. Ó ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri láti ọjọ́ náà, bí èmi náà ṣe ń gbé tèmi.

"Ká ní ẹ gbé e," mo ní, "kí lẹ̀ bá sọ fún mi?"

Ó wo ọmọ mi tó ń ju òkúta sínú omi. "Ǹ bá ní kí ẹ máa lọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," mo wí. Kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ gbọ́.

Bàbá kò padà sí Turin mọ́, iṣẹ́ náà sì tán síbẹ̀. Ọmọ wọn kọ lẹ́tà kan fún mi, èyí tó fi mí sọ́wọ́ ìdílé tuntun, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì wà títí di báyìí. Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a wọ treno padà. Kò sí ohun tí mo lè rí lójú fèrèsé, kúrùkúrù ni láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, tí iná oko kan tàbí méjì ń yọ nínú rẹ̀ tó tún ń parẹ́. Ọmọ mi gbé orí lé mi léjìká. Ó bi mí bóyá a ti fẹ́ dé. Yorùbá ló fi bi mí, mo sì dá a lóhùn pé ó kù díẹ̀.